Bí a ṣe lè kó dátà sáfà tí kì í sinmi sórí téèpù láìdá iṣẹ́ dúró

Olùtọ́jú_Sáfà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Sáfà Linux kan wà níkàáwọ́ mi. Dátábéèsì PostgreSQL tó wà lórí ẹ̀ tó 2 TB, àwọn fáìlì tí àwọn èèyàn ń kó síbẹ̀ sì tó 7 TB. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń lò ó. Ọ̀nà tí mo bá nílẹ̀ ni pé tó bá di òru ọjọ́ Àìkú, a ó pa dátábéèsì, a ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń lò ó, tar, àṣẹ tó ń di ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀ sójú kan, á wá máa kọ gbogbo ẹ̀ tààrà sórí LTO-8, téèpù tí a fi ń tọ́jú ẹ̀dà dátà. Tó bá parí, a ó tún gbé gbogbo ẹ̀ dìde. Nígbà tí dátà ṣì kéré, kò sẹ́ni tó fura. Ní báyìí, ilẹ̀ máa ń mọ́ bá a lẹ́nu ẹ̀ ni, àwọn tó ń lo sáfà sì ti sọ pé àwọn ò gbà mọ́.

A dán an wò láìpa nǹkan kan. tar ń pariwo "file changed as we read it" (fáìlì yí padà bí a ṣe ń kà á) léraléra, ẹ̀rọ téèpù sì ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró. Ibo ni kí n gbà?

Aṣọ́_Téèpù

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìṣòro méjì ló so kọ́ra níbí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú wọn. Ọ̀kan ni pé dátà ń yí padà nígbà tí ẹ ń kà á lọ́wọ́. Èkejì ni pé ẹ̀rọ téèpù yára ju ohun tó ń fún un ní dátà lọ. Pípa tí ẹ ń pa sáfà ń wo ti àkọ́kọ́ sàn, kò débi ti èkejì rárá.

Kò sídìí tí téèpù fi gbọ́dọ̀ máa ka dátà níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ ya snapshot, ìyẹn àwòrán dátà bó ṣe rí ní àkókò kan pàtó, èyí tí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, kí ẹ wá máa ka snapshot yẹn. Dátà inú ẹ̀ kì í yí padà mọ́. Àwọn èèyàn ń bá iṣẹ́ wọn lọ, téèpù náà ń bá tiẹ̀ lọ, wọn ò sì fara kanra. Látìgbà náà, bóyá kíkọ náà gba wákàtí 7 tàbí 12, kò kan ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìyára, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. LTO-8 ń kọ 360 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìka compression (fífún dátà pọ̀) mọ́ ọn. Bí ẹ bá fún un ní 9 TB yín láìdáwọ́ dúró, bí wákàtí 7 ni. Ṣùgbọ́n bí dátà náà bá ń gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 1 gigabit kọjá, wáyà yẹn ò lè gbé ju 125 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn gan-an nígbà tí nǹkan kan ò dí i lọ́wọ́. 9 TB kan náà ò lè dín ní wákàtí 20. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara sáfà yìí gan-an ni ẹ̀rọ téèpù náà wà, àbí ara ẹ̀rọ mìíràn?

Olùtọ́jú_Sáfà

Ara ẹ̀rọ mìíràn ni, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 1 gigabit ló sì so wọ́n pọ̀. Mo ti ń rí i.

Aṣọ́_Téèpù

Ibi tí lílọ-dúró yẹn ti wá nìyẹn. Téèpù ò lè kàn dúró jẹ́jẹ́ kó máa retí dátà bí dísìkì ti ń ṣe. Bí dátà bá gbẹ lẹ́nu ẹ̀, ó ní láti tẹ bíréèkì. Kó tó dúró, ó ti kọjá ibi tó kọ dé. Yóò tún yí padà sẹ́yìn, yóò wá ibi tó kọ dé, yóò tún sáré bọ̀ kó tó lè máa kọ lọ. Nínú gbogbo lílọ-bọ̀ yẹn, kò kọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni téèpù àti orí tó ń kọ ọ́ ń jẹ. Àwọn ẹ̀rọ ayé òde òní lè dín eré wọn kù kó bá ìwọ̀n dátà tó ń wọlé mu, àmọ́ ó ní ibi tí wọn ò lè sọ̀kalẹ̀ kọjá. Tí ohun tó ń wọlé bá ti kéré ju ibẹ̀ lọ, lílọ-bọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ara ẹ̀rọ tó ní téèpù ni kí ẹ fi àwọn dísìkì agbedeméjì sí. Dátà á rọra rìn gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wá sórí àwọn dísìkì yìí, ó lè gba gbogbo ọjọ́, kò burú. Tó bá pé jọ tán, téèpù á kọ ọ́ látibẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀. Dísìkì alájà kan ṣoṣo kì í sábà lè bọ́ LTO-8 yó. Ẹ tò wọ́n pọ̀, tàbí kí ẹ lo SSD.

Ọmọ_LVM

Ẹ jẹ́ kí n fi ti snapshot kún un, torí ibẹ̀ ni ìka ti máa ń jóni. Bí fáìlì yín bá wà lórí LVM (ètò Linux tó ń pín àyè dísìkì), àṣẹ rẹ̀ ò le:

lvcreate -s -n ipamo -L 500G /dev/vg0/data
mount -o ro,nouuid /dev/vg0/ipamo /mnt/ipamo

Nínú àwọn filesystem (ètò tí dísìkì fi ń to fáìlì), XFS nìkan ló nílò nouuid yẹn, torí snapshot àti ojúlówó ń jẹ́ UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) kan náà, XFS ò sì ní gbà kí àwọn méjèèjì jọ wà lórí mount. Tó bá jẹ́ ext4 ni, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ ò nílò láti fi ọwọ́ yín dá filesystem dúró, LVM fúnra ẹ̀ á dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó fi ń ya á, á sì tú u sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ fọkàn sí jù ni 500G yẹn. Snapshot irú èyí kì í da gbogbo dátà kọ. Ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ yí nǹkan padà lórí ojúlówó ni LVM ń sáré kọ ògbólógbòó síbi ìpamọ́ kó tó gbà kó yí padà. Àyè tí ẹ fún un gbọ́dọ̀ tó gba gbogbo ìyípadà tó bá ṣẹlẹ̀ títí tí ẹ ó fi kà á tán. Bí àyè yẹn bá kún, snapshot náà bàjẹ́ pátápátá, ẹ ò sì lè tún un ṣe. Ojúlówó ò ní ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ẹ ń kà lọ́wọ́ ti di òfo. Ẹ máa fi lvs wo iye tó ti lò, kí ẹ ní ètò tó máa ta yín lólobó kó tó kún.

Kíkọ méjì yẹn náà ń dín eré sáfà kù níwọ̀n ìgbà tí snapshot bá ṣì wà nílẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ti kà á tán, ẹ fi lvremove yọ ọ́ kíá. Àwọn kan máa ń gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n á wá máa wá ìdí tí sáfà fi ń wọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà ṣá. Bó bá jẹ́ ZFS, filesystem mìíràn, lẹ ní, snapshot tiẹ̀ kì í fa kíkọ méjì yìí, zfs send sì lè gbé ìyàtọ̀ tó wà láàárín snapshot méjì lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn láìtún ka gbogbo fáìlì. Fún 7 TB tó jẹ́ pé díẹ̀ ló ń yí padà lóòjọ́, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Onídátábéèsì

Ẹ má tíì kó PostgreSQL yín mọ́ àwọn fáìlì o. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Snapshot tí a ya nígbà tí dátábéèsì ń ṣiṣẹ́ dúró gẹ́gẹ́ bí dísìkì yóò ṣe rí ká ní iná lọ lójijì. PostgreSQL mọ bó ṣe ń dìde nínú irú ipò yẹn, WAL, àkọsílẹ̀ gbogbo ìyípadà inú ẹ̀, ló máa kà tí á fi tún ara ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn kan: gbogbo nǹkan tó jẹ́ ti dátábéèsì náà, pg_wal (fódà WAL) àti gbogbo tablespace (àwọn ibi mìíràn tó ń kó dátà sí), gbọ́dọ̀ wà nínú snapshot kan ṣoṣo tí a ya ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Bí ẹ bá fi pg_wal sórí volume mìíràn, tí ẹ ya ti èyí, tí ẹ wá ya ti ìyẹn, àwọn méjèèjì ò bára mu mọ́. Ó lè dìde, ó sì lè má dìde. Ohun tó burú jù ni kó dìde, kí dátà inú ẹ̀ má sì pé.

Ohun tí èmi máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú láti lò ni pg_basebackup pẹ̀lú fífi WAL pamọ́ lemọ́lemọ́. pg_basebackup ń ka dátábéèsì tó ń ṣiṣẹ́, kò ti ẹnikẹ́ni síta, ó sì ń kó WAL tó bá a rìn mọ́ ọn. Ẹ lè fi --max-rate ká a lọ́wọ́ kò kó má gba gbogbo dísìkì mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ẹ má fi --checkpoint=fast sí i lórí sáfà tó ń ṣiṣẹ́ gidi, torí á fipá mú dátábéèsì kọ gbogbo ohun tó wà ní ìrántí sórí dísìkì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èèyàn á sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ jẹ́ kó lo spread tó bá a wá.

Ní ti WAL, archive_command ni ẹ ó fi máa kó o lọ sórí àwọn dísìkì agbedeméjì yẹn. Pẹ̀lú basebackup kan àti gbogbo WAL tó tẹ̀ lé e, ẹ lè dá dátábéèsì padà sí àkókò pàtó tí ẹ bá fẹ́, bí àpẹẹrẹ, ìṣẹ́jú kan ṣáájú kí ẹnì kan tó pa tébù rẹ́. Àmọ́ archive_command gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Kò gbọ́dọ̀ dá 0 (àmì àṣeyọrí) padà àyàfi tí fáìlì bá ti délẹ̀ lóòótọ́, torí PostgreSQL á gbà á gbọ́, á sì pa tiẹ̀ rẹ́. Bó bá sì ń kùnà láìsẹ́ni tó rí i, WAL á máa ṣù jọ sínú pg_wal títí dísìkì á fi kún, dátábéèsì á sì dúró. Ẹ fi ojú sí i.

Fún ẹni tó bá ń lo MySQL, dátábéèsì mìíràn, tó wá ka ibí: mysqldump pẹ̀lú --single-transaction ń fúnni ní ẹ̀dà tó bára mu láìti tébù, àmọ́ tébù irú InnoDB nìkan ló ń ṣe é fún. MyISAM ò sí nínú ẹ̀. Bí dátà bá ti tóbi, XtraBackup tàbí mariabackup ló yẹ.

Olùtọ́jú_Sáfà

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ní replica kan, ẹ̀dà tó ń tẹ̀ lé dátábéèsì náà. Ṣé mo lè máa kó o látibẹ̀? Àwọn kan níbi iṣẹ́ tiẹ̀ ń sọ pé nígbà tí a ti ní replica, kí la tún ń fi téèpù ṣe.

Onídátábéèsì

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kó o látibẹ̀. pg_basebackup ń ṣiṣẹ́ lórí standby (irú replica yín yẹn), ẹrù náà á sì kúrò lórí sáfà tí àwọn èèyàn ń lò. Ẹ kàn rí i pé replica náà ò jìnnà sẹ́yìn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń béèrè yẹn pé bí ẹnì kan bá pa tébù rẹ́ lórí ojúlówó, kíá ni replica náà á pa á rẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún nìyẹn.

Aṣọ́_Téèpù

Ẹ̀rí wà fún ìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, àṣìṣe kan nínú sọ́fítíwíà tí Gmail fi ń tọ́jú dátà pa ímeèlì àwọn èèyàn kan rẹ́, wọ́n tó 0.02% gbogbo àwọn tó ń lò ó. Google ní ẹ̀dà dátà náà káàkiri ọ̀pọ̀ ibùdó, síbẹ̀ àṣìṣe yẹn kan àwọn ẹ̀dà náà. Orí téèpù ni wọ́n ti dá ímeèlì yẹn padà, torí téèpù ò sí lórí ìlà nígbà tí nǹkan ń bàjẹ́.

Òdì kejì ẹ̀ ni ti GitLab, ní 31 oṣù Kìíní 2017. Wọ́n ṣèèṣì pa fódà dátábéèsì ojúlówó rẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọ̀nà ìpamọ́ wọn wò, pg_dump, àṣẹ tó ń da dátábéèsì kọ, ti ń kùnà tipẹ́ torí ẹ̀yà 9.2 ni wọ́n ń lò sí dátábéèsì 9.6, ímeèlì ìkìlọ̀ tó yẹ kó sọ fún wọn ò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Snapshot LVM tí ẹnì kan ti fi ọwọ́ ya ní bíi wákàtí 6 ṣáájú ló yọ wọ́n. GitLab kọ gbogbo ẹ̀ síta fúnra wọn kí àwọn mìíràn lè kọ́gbọ́n, ìwà tó yẹ ká yìn ni.

Ilé_Ìpamọ́

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí dísìkì agbedeméjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ kọ tar, ẹ mọ̀ pé Bacula àti Bareos, àwọn sọ́fítíwíà ìpamọ́, ní ètò yìí nínú. Ẹ fi "Spool Data = yes" sí iṣẹ́ náà, ẹ fún un ní fódà lórí SSD, á máa kó dátà jọ síbẹ̀, á sì máa dà á sórí téèpù nígbà tó bá pọ̀ tó. Àǹfààní tó tún wà níbẹ̀ ni kátálọ́ọ̀gì: ó mọ fáìlì tó wà lórí téèpù wo, àti ibi tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ti wá fáìlì kan ṣoṣo lórí téèpù tar 9 TB rí á mọ ohun tí mò ń sọ, torí ẹ ní láti ka gbogbo ohun tó wà ṣáájú ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kátálọ́ọ̀gì yẹn fúnra ẹ̀ dátábéèsì ni. Ẹ kó òun náà pamọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi fáìlì bootstrap rẹ̀ (èyí tó ń tọ́ka sí ibi tí ẹ̀dà náà wà lórí téèpù) síbi tí kì í ṣe orí sáfà kan náà. Láìsí i, àṣẹ bscan lè tún un kọ látorí àwọn téèpù, àmọ́ á gba àkókò gan-an, ọjọ́ tí ẹ ń kánjú ni ẹ ó sì nílò rẹ̀.

Ọmọ_LVM

Tó bá jẹ́ tar lẹ ṣì fẹ́ lò, ẹ fi mbuffer sáàárín:

tar -b 512 -cf - /mnt/ipamo | mbuffer -m 8G -P 90 -s 256k -o /dev/nst0

mbuffer á kó dátà jọ sínú ìrántí, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí kọ títí tí 90% àyè ẹ̀ á fi kún. Àwọn fáìlì kéékèèké ló máa ń pa eré tar jù, torí ṣíṣí àti pípa fáìlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ àkókò. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye, ẹ kọ́kọ́ dì wọ́n sínú fáìlì tar ńlá lórí dísìkì agbedeméjì, kí téèpù wá ka fáìlì ńlá yẹn.

Nígbà tí ẹ bá ń ka snapshot lórí sáfà gan-an, ẹ fi "ionice -c3" ṣáájú àṣẹ náà, kí ó lè máa yẹra fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo scheduler dísìkì (ohun tó ń to iṣẹ́ fún dísìkì) kọ́ ló ń ka ionice sí o. BFQ ń kà á sí. Bí tiyín ò bá kà á sí, ẹ dín eré náà kù látinú mbuffer pẹ̀lú -r.

Aládàáni_Windows

Ní kúkúrú fún àwa tí a wà lórí Windows Server: VSS ló ń ṣe iṣẹ́ snapshot yìí, ó ti wà níbẹ̀ láti Windows Server 2003. SQL Server àti Exchange ní writer tiwọn tí VSS ń bá sọ̀rọ̀ kó tó ya á, kí dátà lè bára mu. Ẹ máa fi "vssadmin list writers" wò ó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà ní ipò àṣìṣe, ẹ̀dà tí ẹ ó rí ò ní pé.

Ilé_Ìpamọ́

Ẹ jẹ́ ká dé orí encryption (fífi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti dátà), torí téèpù máa ń kúrò nílé. Láti LTO-4 ni ẹ̀rọ téèpù ti lè fi ọ̀nà AES-256 di dátà fúnra ẹ̀ láìdín eré kù. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é. Bí ẹ bá ti fi sọ́fítíwíà dì í kó tó dé ibẹ̀, compression ẹ̀rọ náà ò ní rí nǹkan fún pọ̀ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà ò gbọ́dọ̀ wà lórí sáfà tí ẹ ń kó pamọ́ nìkan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ fi pamọ́ sí ọ̀tọ̀, ibi méjì ó kéré jù, kí ẹni tó ju ẹyọ kan lọ sì mọ ibẹ̀.

Ní ti iye ìgbà: odindi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìyàtọ̀ ojoojúmọ́ láàárín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi odindi sí oṣù kan. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ dá dátà padà, gbogbo ẹ̀dà ìyàtọ̀ tó tẹ̀ lé odindi ni ẹ gbọ́dọ̀ rí kà, bí téèpù kan bá sì ti bàjẹ́ láàárín, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti wà nínú ewu.

Aṣọ́_Téèpù

Mo fara mọ́ ti ọ̀sẹ̀ kan yẹn. Ẹ tún fi èyí kún un: ẹ máa dá dátà padà wò. Kì í ṣe kí ẹ wo bóyá iṣẹ́ náà kọ "OK". Ẹ mú téèpù kan jáde láìṣà, ẹ gbé dátábéèsì náà dìde lórí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. PostgreSQL ní pg_verifybackup láti ẹ̀yà 13, ẹ máa lò ó, àmọ́ kò rọ́pò gbígbé e dìde. Ẹ tún kọ iye wákàtí tó gbà sílẹ̀, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá yín á bi yín lọ́jọ́ wàhálà nìyẹn.

Tí téèpù bá ti kún, ẹ ti bọ́tìnì kékeré ara ẹ̀ kí nǹkan má lè kọ ọ́ mọ́, kí ẹ gbé e kúrò nínú ilé tí sáfà wà. Tó bá ti ibi tútù dé, ẹ jẹ́ kó bá ojú ọjọ́ yàrá náà mu fún wákàtí 24 kí ẹ tó ki í bọ ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ń gbèrò láti ra ẹ̀rọ tuntun lọ́jọ́ iwájú, ẹ rántí pé LTO-9 ń ka LTO-8, àmọ́ kò lè ka LTO-7. Téèpù tuntun LTO-9 sì máa ń gba àkókò láti bá ẹ̀rọ mọra nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ki í bọ̀ ọ́, ó lè kọjá wákàtí kan. Ẹ ṣe ti gbogbo wọn sílẹ̀ kí òru iṣẹ́ tó dé.

Olùtọ́jú_Sáfà

Ọlọ́run á bá wa san án fún yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí: pg_basebackup látorí replica lọ sórí dísìkì ẹ̀rọ téèpù, WAL á máa tẹ̀ lé e. Snapshot LVM fún àwọn fáìlì, rsync, àṣẹ tó ń da fáìlì kọ, á gbé e lọ síbẹ̀ náà, màá sì yọ snapshot kúrò lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, tar pẹ̀lú mbuffer, dátábéèsì kọ́kọ́, fáìlì tẹ̀ lé e, sórí téèpù kan náà. 9 TB ṣáà gba inú 12 TB. Ó ku ibi kan tó rú mi lójú: nígbà tí mo dán kíkọ méjì tẹ̀ léra wò pẹ̀lú fáìlì kéékèèké, ti àkọ́kọ́ ò sí níbẹ̀ mọ́. /dev/st0 ni mo lò.

Ọmọ_LVM

st0 máa ń yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà tí àṣẹ kan bá parí, ìdí nìyẹn tí èkejì fi kọ lé àkọ́kọ́ lórí. nst0 ni kí ẹ lò, kì í yí i padà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, "mt -f /dev/nst0 rewind". Lẹ́yìn ti dátábéèsì, ẹ kàn kọ ti fáìlì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ka ti fáìlì, ẹ kọ́kọ́ rewind, kí ẹ tẹ "mt -f /dev/nst0 fsf 1" kó fo ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ fi "tar -b 512 -tf /dev/nst0" wo ohun tó wà níbẹ̀.